Ibi Tí Wọ́n Sin Zachary Kerridge Sí

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì Len Catchpole gbé fìlà náà sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ró gbà bí àwo. Òtútù ti sọ ọ́ di pákó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Doreen Kerridge wò ó tó fi mọ̀ ọ́n. Fìlà bàbá rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú pupa rán etí rẹ̀ nígbà tó ya lọ́dún tó kọjá.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Denstow, lórí òkúta sàréè kan." Ilé ìwé kan náà ni Len àti Doreen jọ lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi lè wo ojú rẹ̀. "Mo ti kó gbogbo ọlọ́pàá tí mo ní lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ajá méjì. Bí Bàbá bá wà ní Denstow, a máa rí wọn."

"Láàyè?"

"Wọ́n ti sun ìta mọ́jú kan, Doreen. Rédíò sì ní òtútù tòní máa le ju tàná lọ. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Àfi ká rí wọn kí oòrùn tó wọ̀, aago mẹ́rin ló sì ń wọ̀ báyìí."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà yẹn, nínú oṣù Jánúárì ọdún 1987, ní abúlé Hesselham ní ìhà ìlà-oòrùn England. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni Percy Kerridge, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ti jáde nílé nígbà tí Doreen ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún méjì tí iyè bàbá náà ti ń jò bí omi inú agbọ̀n. Ó lè jẹun tán kó ní ebi ń pa òun. Ó lè bọ́ sí títì kó máa wá ẹṣin tó ti kú láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gbàgbé, ẹni náà sì ni Zachary.

Zachary Kerridge ni baba ńlá wọn tó gbé ayé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí Percy ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ títú ló ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn baba rẹ̀ nínú ìwé àwọn ìjọ, láti ọmọ dé baba, títí ó fi kan ọkùnrin yìí. Ó rí ìrìbọmi rẹ̀ ní Denstow, ó rí ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Susan. Àmọ́ kò sí ìwé ìsìnkú kankan, ní Denstow àti ní ìjọ mẹ́rìndínlógún tó yí i ká, tí orúkọ rẹ̀ wà. Ọkùnrin náà wọ inú ìwé, kò jáde mọ́.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, kò sì dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Obìnrin pélébé kan ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, nínú kóòtù ológun tó jẹ́ ti arákùnrin rẹ̀ tó ti kú. Mísì Ivy Borrett nìyẹn. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ ìwé ìgboro kó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ó ń kọ́ àwọn àgbà Hesselham bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ ìkọ̀wé ayé àtijọ́, Percy ló sì mú orí jù nínú wọn. Àwọn ará abúlé máa ń sọ pé òkú kankan kò lè sá mọ́ Mísì Borrett lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ pé Percy sọnù." Ojú rẹ̀ ti bọ́ sára fìlà náà. Ó gbé e, ó fi èékánná ha á. "Ta ló ní àná ló fi èyí sílẹ̀?"

"Ta ló tún lè jẹ́, mà? Fìlà Bàbá ni."

"Mi ò bi ọ́ pé fìlà ta ni. Ìgbà wo ni mo bi ọ́. Wò ó, kì í ṣe òde rẹ̀ nìkan ni yìnyín wà, inú òwú ló dì sí. Omi ti kọ́kọ́ rin ín gbingbin kí òtútù tó gbá a mú. Ọjọ́ wo ni òjò rọ̀ kẹ́yìn?"

Len ronú. "Sátidé."

"Láti Sátidé wá ńkọ́?"

"Òtútù gbígbẹ ni, mà."

"Percy sì wà nílé ní Sátidé, ó wà nílé ní Sọ́ńdè, àná Ọjọ́rú ló jáde. Fìlà yìí ti wà lórí òkúta kí òjò Sátidé tó rọ̀. Ibi tí bàbá ti lọ, tó sì ti padà wálé, lo kó ajá lọ."

Doreen ti sáré dé ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́. "Fìlà onírun àgùntàn wọn ni kò sí! Òun ni wọ́n dé lọ."

Ojú Len pọ́n. "Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Denstow, ibo ni kí n lọ? Gbogbo pápá tó wà nílẹ̀ yìí? Ọkùnrin méjìlá ni mo ní."

"Máa wá a ní Denstow ná," ni Mísì Borrett wí. "Ó sàn ju kéèyàn káwọ́ gbera."

Nígbà tí Len jáde, Mísì Borrett jókòó ní iwájú Doreen bí adájọ́.

"Kí lẹ jọ sọ kó tó lọ?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Àpótí ta ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn?"

"Tèmi ni. Mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan."

"Bàtà ọkùnrin lo sì máa ń wọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́?"

Àpótí náà kò pa dáadáa. Imú bàtà dúdú kan yọ sóde. Doreen wò ó, ojú rẹ̀ yí padà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mo ti buwọ́ lùwé, mà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀la Fúráìdé ni wọ́n ń bọ̀ wá mú wọn. Mi ò lè ṣe é mọ́! Mo ti kúrò nílé bọ̀ bá iná tó ń jó lórí sítóòfù, ẹ̀ẹ̀mejì! Mo ń bá àwọn ará ilé ìtọ́jú náà sọ ọ́ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ Túsìdeè, mo rò pé Bàbá ti sùn. Mo yíjú báyìí, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ọjọ́ wo?' Mo ní Fúráìdé. Wọ́n ní, 'Ó ku ọjọ́ méjì nìyẹn.' Wọ́n bá padà lọ sùn. Wọ́n sá fún mi ni, mà. Èmi ni mo lé bàbá mi sínú òtútù."

Mísì Borrett kò pẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó ń sá lọ kì í ka ọjọ́," ló wí. "Ẹni tí iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ ló ń ka ọjọ́. Gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá."

Doreen gbé e wá. Mísì Borrett ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀: *Mọ́ńdè. Ilé ìpamọ́ ìwé. Ìwé ìhágún Z.* Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta nídìí: *MO MỌ IBẸ̀.*

"Mọ́ńdè?" ni Doreen wí. "Wọ́n ní ilé ìkàwé abúlé làwọn ń lọ!" Ó já ìwé náà gbà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó gbọ̀n ọ́n. "Ibo? Bàbá, ibo lẹ mọ̀?"

Mísì Borrett ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ibi tó ti kà á ni àwa náà máa ti kà á. Mú kóòtù rẹ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní ilé ìpamọ́ ìwé ń jẹ́ Nunn. Kò gbé ojú sókè. "Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ dúró ogójì ìṣẹ́jú."

"Nunn, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di okùn àpótí ìwé?"

Nunn gbójú sókè, ó sì dìde fìrí. "Mísì Borrett! Ẹ káàárọ̀, mà."

"Èèyàn ń kú lọ nínú yìnyín, o ń sọ ti ogójì ìṣẹ́jú. Bàbá kan wá síbí ní Mọ́ńdè wá ka ìwé ìhágún Kerridge. Gbé e wá, kí o sì máa sọ ohun tó ṣe bí o ṣe ń gbé e bọ̀."

"Ohun tí ẹnì kan bá wá kà níbí, àṣírí onítọ̀hún ni, mà. Òfin wa ni."

"Bàbá mi ni!" ni Doreen fi igbe ta.

Nunn wo ojú obìnrin náà, ó sì wọlé lọ gbé àpótí náà. "Ó rẹ́rìn-ín," ló wí nígbà tó dé. "Lẹ́yìn náà ó sunkún. Mo ní kó rọra, pé àwọn míì ń kàwé. Ó dì mí lápá mú, ó ní, 'Ọmọ mi, mo ti fi ẹṣin yí wọn ká! Ọdọọdún ni mo fi ẹṣin yí wọn ká, mi ò mọ̀ pé àwọn ni!' Mo rò pé arán ló ń ṣe bàbá."

"O rò," ni Mísì Borrett wí. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Awẹ́ ìwé kan ni, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì lọ́ bí ìtàkùn. Ní ayé ìgbà náà kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún, èdìdì wọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mísì Borrett kà á jáde:

"'Èmi, Zachary Kerridge, tí ara mi kò le ṣùgbọ́n tí iyè mi pé... mo fi màlúù mi fún ọmọ mi... mo fi ara mi fún ilẹ̀, kí àwọn Ọ̀rẹ́ mi tẹ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ Susan aya mi. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, ọdún 1683.'"

"Ọ̀rẹ́ wo?" Doreen ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ìwé náà. "Kò dárúkọ ibì kankan!"

"Wo bó ṣe kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí a jọ ń mutí, Doreen. Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ ni, àwọn tí aráyé ń pè ní Kúékà. Àlùfáà kì í sin wọ́n, àwọn náà kì í sì í fẹ́ kó sin wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Percy fi wá a títí nínú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì." Ojú rẹ̀ ń dán. "Ilé ìpàdé wọn àtijọ́ wà ní Market Orwin, ọgbà òkú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nunn, fóònù!"

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá Len ti kó ajá àti ọlọ́pàá kúrò ní Denstow, wọ́n kọrí sí Market Orwin, tó jìnnà sí Hesselham tó máìlì méjìlá. Doreen fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Mísì Borrett ní kó jókòó, pé kí wọ́n tó dé ibẹ̀ Len á ti rí bàbá. Doreen jókòó. Ó wo aago ara ògiri láti aago mọ́kànlá títí ọ̀pá aago fi sún mọ́ ọ̀kan. Tíì tí Nunn gbé fún un di omi tútù níwájú rẹ̀.

Nígbà tí fóònù dún, Mísì Borrett ló gbé e. Ohùn Len le débi pé Doreen ń gbọ́ ọ.

"Kò sí níbí, mà. A ti kanlẹ̀kùn gbogbo ilé àdúgbò. Yìnyín tó bo koríko ọgbà náà, ẹsẹ̀ ẹyẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀."

Mísì Borrett rọra gbé fóònù kalẹ̀.

"Ẹ sọ pé ibẹ̀ ni," ni Doreen wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó wá ń ga bọ̀. "Ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ibẹ̀ ni! Wákàtí méjì, mà! Ìwé, ìwé, ìwé! Ìwé náà ló mú Bàbá débi tí wọ́n wà, ẹ tún ní kí n jókòó ti ìwé!"

Àwọn tó ń kàwé yíjú. Mísì Borrett rọra jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó jọ arúgbó. "Mo ṣìṣe," ló wí. "Mo rí ọ̀rọ̀ kan, mo dì í mú bí ajá tó rí egungun, mi ò wo ohun tó kù. Bú mi bó ṣe wù ẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ronú bí o ṣe ń bú mi." Ó di ojú. "Orúkọ ibì kankan kò sí nínú ìwé yìí. Percy sì kà á tán, ó mọ ibẹ̀. Kí ló kà tí èmi kò kà?"

Nunn húkọ́. "Ó ka èkejì náà, mà."

"Èkejì wo?"

"Ìwé ẹrù òkú, tí àwọn aládùúgbò fi to gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n ká a mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìhágún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo sọ fún bàbá pé Zachary míì ni, kò gbọ́." Ó na ìka sí òkè ìwé tínínrín tí Mísì Borrett ń tú jáde. "Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ka ẹrù òkú: ọjọ́ kẹtàlá oṣù Jánúárì, 1683. Ìwé ìhágún ńkọ́? Oṣù kọkànlá, 1683. Ṣé òkú ló wá kọ ìwé ìhágún ní oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ẹrù rẹ̀ tán?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Doreen lára bí ọ̀bẹ. Ó gbé orí lé tábìlì. Zachary méjì. Bàbá rẹ̀ ti lọ kú sínú yìnyín nítorí Zachary tí kì í ṣe tiwọn.

Mísì Borrett tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nunn, nílẹ̀ yìí, nígbà ayé Zachary, oṣù wo ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀?"

Etí Nunn pọ́n. "Oṣù Máàṣì, mà."

"Fi Máàṣì ṣe oṣù kìíní. Kà á fún mi."

Nunn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Nígbà tó dé ìka kẹwàá, ó ní, "Dìsẹ́ńbà." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. "Ìkọkànlá... Jánúárì!"

"Jánúárì. Orúkọ òrìṣà àwọn ará Róòmù ni, Kúékà kì í fi í sẹ́nu. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pe oṣù. Àwọn aládùúgbò tó wá ka ẹrù kì í ṣe Kúékà, wọ́n pe tiwọn ní Jánúárì. Oṣù kan náà ni, ọdún kan náà ni, ẹnì kan náà sì ni. Ọjọ́ kẹwàá ló kọ ìwé ìhágún. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹtàlá, ó ti kú, wọ́n ti ń ka ìkòkò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré!"

"Kí ni ọjọ́ mẹ́ta kàn mí sí?" ni Doreen wí láìgbé orí.

"Òun ló kàn ẹ́ jù lọ. Jánúárì yẹn ni òtútù ńlá tí odò London fi dì, tí àwọn èèyàn ń tajà lórí rẹ̀. Lásìkò yẹn kan náà, ìjọba ń ti ilé ìpàdé Kúékà pa, wọ́n ń kó wọn sẹ́wọ̀n. Ta ló máa gbé òkú rin máìlì méjìlá nínú irú yìnyín bẹ́ẹ̀, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn? Wọn ò gbé e lọ ibì kankan. Ilẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Susan ti wà. Ilẹ̀ náà ni Percy fi ẹṣin yí ká nígbà tó ń túlẹ̀. Oko mélòó ló ti túlẹ̀ rí?"

Doreen ti jókòó gbọnin. "Mẹ́ta. Oko Ṣọ́ọ̀ṣì, oko Moat, oko Wade. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò mọ èyí..."

"Máa gbọ́ ẹrù rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Màlúù mẹ́rin. Ọkà báálì nínú abà. Ogún wàràkàṣì ní yàrá òkè. Ibùsùn kan àti aṣọ rẹ̀. Ìkòkò irin kan. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ti gbó, àti ọ̀kọ̀ kan fún pípa ẹja gígùn bí ejò..." Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Èwo nínú oko mẹ́ta yẹn ni odò kàn?"

Doreen dìde tó bẹ́ẹ̀ tí àga rẹ̀ fi ṣubú. Ó ti rí i: ara rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá, garawa tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń yí kiri nínú rẹ̀, àti ẹṣin méjì tó ń túlẹ̀ bọ̀ tààrà, tí wọ́n wá yà ní igun pápá bí ẹni yà fún ọba.

"Wade," ló wí. "Wade ni, mà! Igun kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í tú. Mo bi Bàbá léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ló ní kí àwọn má tú u, pé bàbá tòun náà kò tú u, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀ mọ́."

"Nunn, wá sájẹ́ǹtì lórí fóònù, sọ fún un pé oko Wade, ní igun tó kan odò. Bí wọ́n bá ní kó o dúró ìṣẹ́jú kan, bú wọn."

Wọ́n ti wó ilé oko Wade lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà báyìí ń gbin ọkà báálì sí i, tí wọ́n bá sì ti gbìn ín tán, ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀ títí òtútù á fi lọ. Ọkọ̀ kékeré Mísì Borrett rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà oko tó ti dì náà, ó yọ̀, ó sì fi imú gún kòtò. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Máa lọ!" ni Mísì Borrett wí. "Èmi á dúró fi ọ̀nà han Len. Máa sáré, ọmọ mi!"

Doreen sáré. Ó gun géètì tí wọ́n fi ṣéènì dè, kóòtù rẹ̀ ya, kò wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ le bí irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún gẹ́gẹ́ bí ti ẹran tí wọ́n ń lé. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó pupa, kò sì móoru. Nígbà tó dé etí odò, ó rí igun náà: igbó ẹlẹ́gùn-ún yí i ká ní ìhà méjì, koríko rẹ̀ funfun. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Bàbá!"

Ẹyẹ kan fò. Ìyẹn nìkan ni.

Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó lọ síwájú, ó bọ̀ sẹ́yìn. Ó wo inú odò, ibi tí omi ti dì àti ibi tí kò tíì dì, kò sì lè gbé ojú kúrò níbi tí kò tíì dì náà. Ó ti kúnlẹ̀ sétí omi kó tó rí ọ̀pá. Ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, ó nà gbalaja nínú kòtò lẹ́yìn igbó náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì há bí ẹni pé wọ́n wọ́ nǹkan kọjá. Ibi tí wọ́n wọ́ ọ lọ ni ahéré olùṣọ́-àgùntàn kan tó ti gbó, onígi, lórí táyà irin mẹ́rin tó ti rì sínú ilẹ̀.

Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Òkìtì koríko gbígbẹ àti àpò ajílẹ̀ ló kún ibẹ̀. Doreen fi ọwọ́ méjèèjì tú u bí adìyẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irun àgùntàn. Fìlà ni. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, ètè rẹ̀ dúdú. Ó gbé etí lé àyà rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan àfi bí àyà tirẹ̀ ṣe ń lù.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ló ń wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní fún wọn. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ."

Ojú bàbá ṣí díẹ̀. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde.

"Má gba ibẹ̀ yẹn," ló wí. "Wọ́n ń sùn."

Doreen tú kóòtù rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí, ó fi koríko bo àwọn méjèèjì. Báyìí ni Len bá wọn nígbà tí òun àti àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ gbé ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sáré dé. Ọrùn ẹsẹ̀ bàbá ti ṣẹ́ nínú kòtò. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé inú ahéré, ó sì wé ara rẹ̀ bí àwọn atúlẹ̀ ayé àtijọ́ ṣe ń wé ara wọn. Dókítà sọ pé ká ní ó tún sun ibẹ̀ mọ́jú, òkú rẹ̀ ni wọn ìbá gbé.

Mísì Borrett kò bá wọn wọ ọkọ̀ áḿbúláǹsì. Ó dúró ní etí igun náà, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti tàn gẹ̀ẹ́rẹ́ lórí yìnyín, tí ilẹ̀ fi hàn bó ṣe ga tó sì rẹlẹ̀. Òkìtì mẹ́sàn-án ló kà, wọn kò ní òkúta kankan. Méjì tó wà ní ìpẹ̀kun sún mọ́ ara wọn ju àwọn tó kù lọ.

Ìka ẹsẹ̀ méjì tí òtútù ti pa ni wọ́n gé fún Percy ní ilé ìwòsàn. Doreen sì pa ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún bàbá rẹ̀ nínú ahéré mọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó gbé e wálé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tì í mọ́lé, ó ń bá a jìjà lórí bàtà, ó sùn sẹ́nu ọ̀nà bí ajá. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tó jí bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, tó sáré jáde bá bàbá rẹ̀ tó dúró ní àárín títì níwájú ọkọ̀ wàrà, ó wọlé, ó tẹ ilé ìtọ́jú náà láago. Ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u ní Hesselham. Ó ń bú ara rẹ̀.

Sọ́ńdè mẹ́ta àkọ́kọ́ tó lọ kí i, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo fèrèsé. Ní ìkẹrin, nítorí pé kò mọ ohun tó tún lè sọ mọ́, Doreen yọ ìwé kan jáde nínú báàgì. Mísì Borrett ló fi ọwọ́ tó ṣeé kà da ọ̀rọ̀ Zachary kọ fún un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sọ nípa oṣù kọkànlá, ó sọ nípa ọkọ̀ ojú omi àti igun pápá Wade.

Bàbá yíjú kúrò ní fèrèsé. "Wọ́n rí i?" ló wí. "Wọ́n rí Zachary?" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ti gbàgbé pátápátá. Doreen tún kà á. Ó tún pàtẹ́wọ́, ó tún sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní gbogbo Sọ́ńdè títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Ní ọ̀kan nínú àwọn Sọ́ńdè ẹ̀ẹ̀rùn náà, wọ́n gbé bàbá jáde sínú ọgbà, lórí àga gígùn kan. Doreen dúró níwájú rẹ̀, ó ka ìwé náà tán. Bàbá nu ojú, ó wá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ tí o mọ̀ nípa àwọn èèyàn mi tó báyìí," ló wí, "ọmọ ta ni ẹ́?"

Doreen ká ìwé náà. "Kerridge ni mí, sà."

"Kerridge ti ibo?"

"Ti Hesselham."

Bàbá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ibi tó ṣófo lórí àga náà. "Kí lo wá dúró lóòró bí àlejò fún?" ló wí. "Ẹbí ni wá. Jókòó."